Bí A Tilẹ̀ Ń Sunkún, À Ń Ríran

Ọ̀rọ̀ tí katikíìsì ìjọ bá àwọn òbí sọ ní ọ̀sẹ̀ Jùbílì

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ní kí n bá àwọn òbí sọ̀rọ̀, mo bi ara mi léèrè pé, àwọn òbí wo? Nítorí pé oríṣi òbí méjì ni ó wà nínú ìjọ gbogbo. Àwọn kan wà tí ọmọ wọn jókòó tì wọ́n báyìí. Àwọn kan sì wà tí a kì í fi orúkọ ọmọ wọn kí mọ́, nítorí pé ọmọ náà ti wọ ilẹ̀ lọ. Ìwé méjì ni ìjọ kọ̀ọ̀kan ń pa mọ́: ìwé ìrìbọmi àti ìwé ìsìnkú. Ọ̀pọ̀ orúkọ ni ó ti inú ìwé kìíní bọ́ sínú ìkejì kí ẹni tí ó ni ín tó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Àwọn òbí orúkọ wọ̀nyẹn ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, kí gbogbo ìjọ sì máa gbọ́. Ọ̀rọ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ: òbí tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, àní ewì tí ó fi ń dárò ọmọ rẹ̀, ran ilé tí a ti ń tọ́jú ọmọ ẹlòmíràn lọ́wọ́. Àwọn kan ti ṣe é rí. Àwa náà lè ṣe é.

Ohun tí à ń sọ fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀

Àwa ọmọ Yorùbá, ìbáà ṣe ti Kétu, ìbáà ṣe ti Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ti Àjàṣẹ́, a mọ bí a ti ń sin àgbà. À ń ná owó sí i, à ń pa ẹran, à ń ki oríkì, à ń jó. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá kú, kíákíá ni à ń sin ín, àwọn òbí rẹ̀ kì í sì í dé ibi sàréè. A ó kó aṣọ rẹ̀ kúrò nílẹ̀. A ó kìlọ̀ fún àwọn ará ilé kí wọ́n má ṣe dárúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó wá kí ìyá rẹ̀, a ó sì ní, "Omi ló dànù, agbè kò fọ́."

Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, ẹni tí ó sọ ọ́ kò ní ibi lọ́kàn. Ohun tí ó ń wí ni pé ìyá ṣì wà láàyè, yóò sì bí òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Omi tí ó dànù yìí ní orúkọ. Ó ní ohùn tirẹ̀, ó mọ ẹni tí ń gbé e pọ̀n, ó mọ oúnjẹ tí òun fẹ́ àti èyí tí òun kò fẹ́. Ìgbàgbọ́ wa kọ́ wa pé Ọlọ́run ni ó dá ọkàn kọ̀ọ̀kan, ọkàn kan kò sì lè di àrọ́pò ọkàn mìíràn. Bí obìnrin náà bá bí mẹ́fà lẹ́yìn èyí tí ó lọ, mẹ́fà ni ó bí; èyí tí ó lọ kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn.

Àwọn baba ńlá wa mọ èyí ní ọ̀nà tiwọn. Ẹ wo orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọ tí a bí lẹ́yìn ọ̀fọ̀: Kòkúmọ́, Málọmọ́, Dúrósinmí, Bánjókòó. Kí ni àwọn orúkọ wọ̀nyí bí kò ṣe ewì kúkúrú? Òbí ni ó ń fi ọ̀rọ̀ ẹyọ kan bẹ̀bẹ̀. Ìgbàgbọ́ nínú àbíkú kò bá ẹ̀kọ́ Ìjọ mu, a sì ti fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹkún tí ó wà nínú orúkọ náà kì í ṣe ẹ̀kọ́ èké. Ẹkún òbí ni, ó sì yẹ ní gbígbọ́.

Òwe mìíràn tún wà tí a máa ń pa láìrò ó: "Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ." Ẹni tí ó ti sin ọmọ rẹ̀, báwo ni òwe yìí yóò ti dún ní etí rẹ̀? Yóò dún bí ẹni pé kò bímọ rí. Ẹ̀yin ará, òwe yìí bá ìrírí ayé mu, ṣùgbọ́n kò tó ìwọ̀n Ìhìnrere. Bí ó bá jẹ́ òtítọ́ pátápátá, a jẹ́ pé Màríà Wúndíá kò bímọ, nítorí pé òun ni ó sin Ọmọ rẹ̀, kì í ṣe Ọmọ rẹ̀ ni ó sin ín.

Ìwé Mímọ́ kò pa ẹkún òbí mọ́lẹ̀

Wòlíì Jeremíà sọ fún wa nípa Rákélì tí ń sunkún àwọn ọmọ rẹ̀, tí ó sì kọ̀ kí a tu òun nínú. Mátíù Mímọ́ mú ọ̀rọ̀ yìí padà wá nígbà tí Hẹ́rọ́dù pa àwọn ọmọ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Kò sí ibi kankan tí a ti bá Rákélì wí pé ó sunkún jù.

Ọba Dáfídì jẹ́ akéwì, ó sì jẹ́ baba tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbà tí Sọ́ọ̀lù àti Jónátánì kú, ó dá arò fún wọn, ó sì pàṣẹ pé kí a fi arò náà kọ́ àwọn ènìyàn Júdà. Ẹ kíyè sí i: kò tọ́jú arò náà sínú yàrá rẹ̀. Ó fi í fún gbogbo ìlú. Nígbà tí Ábúsálómù ọmọ rẹ̀ kú, orúkọ ọmọ náà ni ó ń pè, tí ó sì ń tún un pè, títí Jóábù fi wá bá a wí. Jóábù ní ìdí tirẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ogun ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti bímọ mọ̀ pé orúkọ ọmọ ni ìlà àkọ́kọ́ nínú arò gbogbo.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án lọ́dọọdún, Ìjọ ń ṣe ìrántí Màríà, Ìyá Ìbànújẹ́. A kò ní kí ó nu ojú rẹ̀ nù kí ó tó wọ inú ìsìn. Bí ó ti dúró ní ẹsẹ̀ àgbélébùú ni a ṣe gbà á. Láti ibẹ̀ ni Olúwa ti fi í ṣe ìyá fún ọmọ ẹ̀yìn tí ó fẹ́ràn, àti fún gbogbo wa. Ibi tí ó ti pàdánù Ọmọ ni ó ti gba ọmọ mìíràn sí ilé. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, ní ẹsẹ̀ àgbélébùú ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìwé arò tí ó ra ilé

Ẹ̀yin tí ẹ kàwé Faransé mọ orúkọ Victor Hugo. Púpọ̀ nínú yín ni ó kọ́ ewì rẹ̀ kan sórí ní ilé ẹ̀kọ́, èyí tí baba kan fi ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun ń bọ̀ wá bẹ̀ ẹ́ wò, tí ó sì jẹ́ pé ní òpin ewì náà ni ẹni tí ń kà á tó mọ̀ pé ibojì ni baba náà ń lọ. A kọ́ ọ sórí, a gba máàkì, a sì gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ gidi ni.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1843, ọkọ̀ ojú omi kan dànù ní odò Seine, ní Villequier. Léopoldine, àkọ́bí Hugo obìnrin, kú sínú omi. Ọmọ ọdún 19 ni. Ọdún náà gan-an ni ó ṣe ìgbéyàwó. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ gbà á là, òun náà sì bá omi lọ. Ìrìn àjò ni baba rẹ̀ wà. Inú ìwé ìròyìn ni ó ti kà á pé ọmọ òun ti kú.

Ó tó ọdún 13 kí ìwé tí ó fi dárò ọmọ náà tó jáde, ní 1856. Ó pín ìwé náà sí apá méjì, ohun tí ó ṣáájú ikú Léopoldine àti ohun tí ó tẹ̀lé e, bí ẹni pé ibojì ni ó la ayé rẹ̀ sí méjì. Ní àkókò náà, ìjọba ti lé e kúrò ní ilẹ̀ Faransé, erékùṣù Guernsey ni ó ń gbé. Ìwé náà tà gidigidi, owó rẹ̀ ni ó sì fi ra ilé tí a ń pè ní Hauteville House ní ọdún náà. Láti 1862, nínú ilé yìí kan náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ tálákà erékùṣù náà wá jẹun ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n ń jẹ ẹran níbẹ̀, òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ sì ń bá wọn pín oúnjẹ.

Hugo kò pa òfin Ìjọ mọ́ nínú ohun gbogbo, n kò sì gbé e kalẹ̀ fún yín bí ẹni mímọ́. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀lé ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà. Ọmọ kú, baba dárò, arò di ìwé, ìwé ra ilé, nínú ilé náà ni a ti bọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Ẹkún náà kò ṣòfò.

Opó kan ní ìlú Lyon

Ní àkókò kan náà, ní ìlú Lyon, obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Jeanne Garnier. A bí i ní 1811. Kò tíì pé ọmọ ọdún 30 tí ọkọ rẹ̀ fi kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sì kú pẹ̀lú. Kò lọ ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn aláìsàn tí kò sí ẹni tí ó fẹ́ fọwọ́ kàn mọ́, àwọn tí ilé ìwòsàn ti dá padà nítorí pé àìsàn wọn kò gbóògùn. Ní 1842 ó kó àwọn opó bíi tirẹ̀ jọ, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àwọn Obìnrin Kalfárì sílẹ̀, kí wọ́n lè máa tọ́jú irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀mí wọn yóò fi bọ́ ní ìrọ̀rùn. Ó kú ní 1853, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò kú: ilé kan wà ní Paris títí di òní tí ń ṣe iṣẹ́ yìí, orúkọ rẹ̀ ni ó sì ń jẹ́.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú Lyon wá sí etí yín. Ìlú náà ni Bíṣọ́ọ̀bù de Marion Brésillac ti dá ẹgbẹ́ Míṣọ́nnárì fún Áfíríkà sílẹ̀ ní 1856, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ikú Jeanne Garnier. Ẹgbẹ́ yẹn ni ó rán Àlùfáà Borghero wá, tí ó gúnlẹ̀ sí Ouidah ní 1861. Ipasẹ̀ wọn ni ìgbàgbọ́ gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ìlú tí ó rán Ìhìnrere sí wa ni ìlú tí ìyá tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ti kọ́ ilé fún àwọn tí ń kú lọ. A ti gba ẹ̀bùn kìíní láti ibẹ̀. Ìkejì náà kò jìnnà sí wa.

Ẹni tí ó fi ìwé kíkà ran ilé ìwòsàn lọ́wọ́

Ẹ̀kẹta wọn ni Charles Dickens, òǹkọ̀wé ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1851, Dora ọmọ rẹ̀ obìnrin kú. Kò tíì pé ọmọ ọdún kan. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ní 1852, a ṣí ilé ìwòsàn kan fún àwọn ọmọdé ní Great Ormond Street ní London. Ibùsùn 10 péré ni ó wà níbẹ̀. Dickens bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé nípa rẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè mọ̀ pé ó wà.

Nígbà tí ó di 1858, owó ilé ìwòsàn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní oṣù Kejì, a se àsè fún àwọn olówó, Dickens sì dìde ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ tálákà tí àìsàn ń pa. Owó tí wọ́n dá ní alẹ́ ọjọ́ náà lé ní 3,000 pọ́n-ùn. Ní oṣù Kẹrin, ó tún jókòó níwájú àwùjọ, ó ka ìtàn Kérésìmesì rẹ̀ tí ó ní ọmọ aláìsàn kan nínú, gbogbo owó tí àwọn ènìyàn san láti gbọ́ ọ ni a sì kó fún ilé ìwòsàn náà. Owó wọ̀nyí ni wọ́n fi ra ilé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, tí ibùsùn sì fi pọ̀ sí i. Ilé ìwòsàn náà wà títí di òní.

Kì í ṣe ewì ni Dickens kà, ìtàn ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ju ohùn àti ìwé lọ ni, ohùn àti ìwé náà sì di ibùsùn fún àwọn ọmọ.

Irú ilé wo ni mò ń sọ?

Ó yẹ kí n ṣàlàyé, nítorí pé ẹlòmíràn lè máa rò pé ilé tí a ń kó ọmọ lọ kú sí ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ilé ìtura ọmọdé ni ilé tí a ti ń tọ́jú ọmọ tí àìsàn rẹ̀ le dé ibi pé ó ṣeé ṣe kí ó má dàgbà. Wọ́n ń pa ìrora rẹ̀, wọ́n ń jẹ́ kí ó sùn, wọ́n ń jẹ́ kí ó ṣeré, wọ́n sì ń gba ìyá rẹ̀ láyè láti sùn ní alẹ́ kan láìbẹ̀rù. Bí ọmọ náà bá kú, wọn kì í tú ká kúrò lẹ́yìn àwọn òbí rẹ̀. Èyí tí a kọ́kọ́ dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé nìkan ní gbogbo ayé ni Helen House, ní Oxford, ní 1982. Orúkọ ọmọbìnrin kan tí ó ṣàìsàn gidigidi ni wọ́n fún ilé náà. Obìnrin ẹlẹ́sìn kan láti inú Ìjọ Áńgílíkà di ọ̀rẹ́ àwọn òbí rẹ̀, ó ń gbà á lọ́wọ́ wọn nígbà mìíràn kí wọ́n lè sinmi díẹ̀, láti inú ọ̀rẹ́ yìí ni ilé náà sì ti jáde.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 1998 pé kì í ṣe ìgbà tí oògùn bá ti tán ni ó yẹ kí irú ìtọ́jú yìí bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí a bá ti mọ orúkọ àìsàn ni, a sì lè máa ṣe é pa pọ̀ mọ́ ìwòsàn. Ní 1993, ní Kampala ní ilẹ̀ Uganda, oníṣègùn obìnrin kan tí ń jẹ́ Anne Merriman, tí ó ti ṣe arábìnrin míṣọ́nnárì ní Nàìjíríà rí, dá Hospice Africa Uganda sílẹ̀. Morfíìnì tí a pò mọ́ omi, tí aláìsàn lè mu ní ilé ara rẹ̀, ni wọ́n fi ń pa ìrora, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹ kò lè sọ mọ́ pé nǹkan àwọn Òyìnbó nìkan ni. Ìwé Ẹ̀kọ́ Ìjọ Kátólíìkì tí ó jáde ní 1992 náà, ní nọ́mbà 2279, ka irú ìtọ́jú yìí sí iṣẹ́ ìfẹ́ tí kò wá èrè, ó sì ní kí a gbà á níyànjú.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé mi

Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀, èmi àti ìyàwó mi ti sin ọmọ. Ọmọbìnrin ni, ọmọ ọdún 11, fòníkú-fọ̀ladìde ni ó mú un lọ. Àwọn tí ó wá kí wa sọ ọ̀rọ̀ omi àti agbè, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Fún ọdún kan gbáko, ìyàwó mi kò dárúkọ ọmọ náà, àwa tí ó kù nínú ilé kò sì dárúkọ rẹ̀ nítorí tirẹ̀. Ó wá di ọjọ́ kan tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ bí ó ti ń dáná, ohùn arò ni ó sì fi ń sọ ọ́. Kò mọ̀wé. Èmi ni mo mú pẹ́ńsùlù, tí mo sì ń kọ ọ́. Pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rẹ̀ ni mo fi ka díẹ̀ fún yín:

Ìwọ tí o máa ń jí kí àkùkọ tó kọ,
tí o máa ń bi mí pé, "Ìyá, ilẹ̀ ti mọ́ bí?"
Ilẹ̀ ti mọ́, ọmọ mi.
Mo gbálẹ̀, mo pọnmi, mo dáná, mo se ẹ̀kọ.
Igbá méjì ni mo bu. N kò mọ ìgbà tí mo bu èkejì.
Mo wo igbá náà títí ó fi ń tutù lọ.
Mo gbé e, mo jáde, mo gba ọ̀nà ilé ìwòsàn.
Mo bá ọmọ kan lórí ẹní, àárẹ̀ ti gbé ìyá rẹ̀ sùn.
Ó mu ún tán. Ó ní, "Ìyá, ẹ ṣé."
Kì í ṣe ìwọ ni ó pè mí, ṣùgbọ́n mo dáhùn.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń gbé ẹ̀kọ lọ fún àwọn ọmọ tí ó wà ní ibùsùn ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Àwọn ìyá mìíràn gbọ́ arò rẹ̀, wọ́n sì ń tẹ̀lé e lọ. Kò sí ẹni tí ó wàásù fún wọn.

Ohun mẹ́ta tí arò òbí lè ṣe

Èkíní, ó ń kọ́ àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn. Dókítà mọ oògùn, nọ́ọ̀sì mọ wákàtí; ṣùgbọ́n òbí ni ó mọ bí òru ti ń gùn tó, ó mọ ọ̀rọ̀ tí ó dùn òun àti èyí tí ó tu òun nínú. Bí ó bá sọ ọ́, ìtọ́jú ọmọ tí ó kàn yóò sàn ju ti tirẹ̀ lọ.

Èkejì, ó ń sọ fún òbí mìíràn pé kò dá wà. Ohun tí ó bá ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Bí kò bá sí ẹni tí ó fẹ́ gbọ́ ọ, inú ni yóò máa jẹ. Ẹni tí ó bá gbọ́ arò ẹlòmíràn yóò mọ̀ pé kì í ṣe wèrè ni ó ń ṣe òun.

Ẹ̀kẹta, ó lè mú owó wá, ẹ má sì jẹ́ kí a tijú láti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹní, ọṣẹ, oògùn ìrora, owó zémidjan tí ìyá yóò fi gbé ọmọ rẹ̀ dé ilé ìwòsàn: owó ni a fi ń ra gbogbo wọn.

Ìmọ̀ràn mi fún ọdún Jùbílì

Mo bẹ ìjọ pé kí a yan ọjọ́ kan lọ́dún, nítòsí àjọ̀dún àwọn Ọmọ Mímọ́ Aláìlẹ́ṣẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá, tí àwọn òbí tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ yóò dìde nínú ìjọ kí wọ́n sì ka ohun tí wọ́n kọ. Kí a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé kékeré, kí a tà á, kí a sì ná owó rẹ̀ lórí àwọn ọmọ aláìsàn tí ó wà ní àdúgbò wa. Kí owó náà ní àpótí tirẹ̀. Bí ó ti wù kí òrùlé ilé ìjọsìn máa jò tó, kí a má ṣe mú fráǹkì kan níbẹ̀. Kí ẹni méjì máa ṣọ́ ọ, kí a sì ka ìṣirò rẹ̀ sí etí gbogbo ènìyàn.

Ẹ̀yin tí ẹ óò kọ ọ́, ẹ má ṣe wá ọ̀rọ̀ ńláńlá kiri. Ẹ pe orúkọ ọmọ yín. Ẹ sọ ohun tí ó fẹ́ràn, ẹ sọ ohun tí ojú yín rí. Bí inú bá ń bí yín sí Ọlọ́run, ẹ kọ ìyẹn pẹ̀lú. Àwọn Sáàmù kún fún irú rẹ̀, Ọlọ́run kò sì yọ wọ́n kúrò nínú ìwé rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀wé, kí ó sọ ọ́, kí ọ̀dọ́ kan kọ ọ́ sílẹ̀, ní Yorùbá tàbí ní Faransé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ń kọ ọ́, ẹ má ṣe tún un ṣe kí ó lè dà bí ti ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ ẹlòmíràn, ẹ má ṣe kọ ọ́ láìgba ìyọ̀ǹda àwọn òbí rẹ̀. Ìtìjú tálákà kì í ṣe ọjà.

Ẹni tí kò bá sì lè kọ, tí kò lè sọ, ẹ fi í sílẹ̀. Ìdákẹ́ náà jẹ́ àdúrà. Àwa tí ó yí i ká ni kí a yí ìkíni wa padà. Dípò kí a sọ ọ̀rọ̀ omi àti agbè fún un, ẹ jẹ́ kí a bi í pé, "Kí ni orúkọ rẹ̀?" Kí a sì jókòó, kí a gbọ́.

Àwọn àgbà ní bí a tilẹ̀ ń sunkún, à ń ríran. Omijé kì í fọ́ ojú. Ẹni tí ń sunkún ọmọ tirẹ̀ lè rí ọmọ tí ó wà lórí ẹní ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó tilẹ̀ lè tètè rí i ju ẹlòmíràn lọ. Kí Màríà, Ìyá Ìbànújẹ́, gbàdúrà fún gbogbo òbí tí ó wà níhìn-ín. Kí Olúwa pa àwọn ọmọ tí a ti sin mọ́ títí a ó fi tún rí wọn, kí ó sì rán wa sí àwọn tí ó ṣì ń retí wa. Ní orúkọ Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́. Àmín.